Dókítà Nínú Ilé Tí Ń Jó: Májẹ́kódùnmí àti Oṣù Méje Pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, 1962

1. Ìfáàrà

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ìtàn ìṣèlú. Èsì mi kò gùn. Ọ̀rọ̀ ni àwọn olóṣèlú fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tiwa. Nígbà tí a bá pe ìjà ní àìsàn, a ti gbà pé ó yẹ kí a wá oníṣègùn. Nígbà tí oníṣègùn bá sì ti dé, a kì í sábà béèrè mọ́ pé ta ni ó rán an wá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe yàrá tí wọ́n ti ń gba àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn ni a fi ń pe ìjọba tí ó bá gba ipò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Ọ̀rọ̀ náà ni pàjáwìrì. Ní 1962, ìtumọ̀ méjèèjì pàdé lára ẹnìkan ṣoṣo: Dókítà Moses Adékóyèjọ Májẹ́kódùnmí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni pé: ǹjẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó láti fi wo ìlú sàn?

2. Oníṣègùn láti Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Májẹ́kódùnmí ní oṣù kẹjọ ọdún 1916. Ó kàwé ní Abẹ́òkúta àti ní St. Gregory's College ní Èkó, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College ní ìlú Dublin. Ìtọ́jú aboyún àti ìgbẹ̀bí ni ó yàn láàyò. Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí orúkọ rẹ̀: Má jẹ́ kó dùn mí. Bí òǹkọ̀wé eré-onítàn bá fún dókítà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, a ó sọ pé ó ti fẹ́ ṣe é ní àṣejù.

Kì í ṣe òun nìkan ni dókítà tí ó wọ ìṣèlú ní ìgbà náà. Dókítà Michael Okpara ni Pírímíà Ẹkùn Ìlà-Oòrùn láti 1959 di 1966. Dókítà ni Hastings Banda ní Màláwì. Ìmọ̀ ìṣègùn ni Houphouët-Boigny ti Ivory Coast náà kọ́. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ lọ́yà wà lára ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ọmọ Áfíríkà lè fi jẹun láìgba owó oṣù lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Yàtọ̀ sí èyí, ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì ni ó ń wọ ilé dókítà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Májẹ́kódùnmí gbà wọ ìjọba yàtọ̀ sí ti Okpara. Kò díje dupò níbì kankan. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ni ó bá wọlé ní 1960, ní ìgbà tí ó jẹ́ pé yíyàn ni wọ́n ń yan àwọn ọmọ ilé náà, tí ará ìlú kì í dìbò fún wọn. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Abubakar Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba Àpapọ̀, ẹni tí ó fi í ṣe Mínísítà Ètò Ìlera. Ní ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n dá ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962. Iṣẹ́ rere ni, ó sì ń wo aláìsàn títí di òní.

3. Ògiri lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ìparí 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírímíà sílẹ̀ láti lọ ṣe olórí alátakò ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì bọ́ sípò rẹ̀. Láìpẹ́, ọ̀nà àwọn méjèèjì pín. Ìpàdé ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ó wáyé ní Jos ní oṣù kejì 1962 ni ó tú àṣírí ìjà náà fáyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Gómìnà, tí í ṣe Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá nípò, nítorí pé èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn aṣòfin 124 ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Alhaji Dáúdà Adégbénró ni ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin péjọ ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí àga fi bẹ̀rẹ̀ sí fò lókè. Ọlọ́pàá yin tajútajú, ilé tú ká. Ní ọjọ́ 29, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì. Wọ́n dá Gómìnà, Pírímíà, àwọn mínísítà àti àwọn aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dúró, wọ́n sì rán dókítà wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí alákòóso.

Kí a wo èyí dáadáa. Àwọn tí ó kéde àìsàn náà kì í ṣe aládùúgbò tí ó kàn ń kọjá lọ. Alátakò ni ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ jẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ méjì tí ó jọ ń ṣe ìjọba àpapọ̀. Àga fò nínú ilé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọjà ń ná ní Ayétòrò, àwọn ọmọ sì ń lọ sí ilé-ìwé ní Ìlaró. Orí ni ó ń fọ́ aláìsàn, gbogbo ara ni wọ́n fi oògùn pa.

4. Oṣù méje

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ alákòóso náà. Kò dá owó ìlú ná bí ẹni tí ó rí ogún, ìlú sì tòrò lábẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, tọ̀tún-tòsì ni ó ká lọ́wọ́ kò: ó fi ìwé àṣẹ de Awólọ́wọ̀, Akíntọ́lá, Adégbénró àti ọ̀pọ̀ olóṣèlú mìíràn sí ojú kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá gba òmìnira ṣáájú àwọn ti Awólọ́wọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, wo ìwé owó àwọn àjọ ìjọba ẹkùn náà. Ẹ̀bi Awólọ́wọ̀ ni ó rí, ó sì dá Akíntọ́lá láre.

Olóyè F. R. A. Williams, lọ́yà àgbà, kò gbà kí wọ́n de òun mọ́lẹ̀. Ó pe Májẹ́kódùnmí lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ sì dá a láre: wọn kò rí ìdí tí ó tó fún àṣẹ tí wọ́n fi dè é. Èmi ka ẹjọ́ náà sí ọ̀kan lára ohun iyebíye tí ó jáde láti inú ọdún náà. Ó kọ́ wa pé pàjáwìrì pàápàá ní òṣùwọ̀n. Oògùn kò gbọdọ̀ ju àrùn lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1962, àkókò pé, dókítà sì padà sí Èkó. Ní ọjọ́ kejì, Akíntọ́lá padà sórí àlééfà láìsí ìdìbò. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni àga tí ó fò. Ẹ̀tẹ̀ ni ìbéèrè pé ta ni àwọn ará ẹkùn náà fẹ́, wọn kò sì bi wọ́n. Ní oṣù karùn-ún 1963, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbénró láre. Wọ́n yí òfin ẹkùn padà láti sọ ìdájọ́ náà di òfo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ìdìbò oṣù kẹwàá 1965 ni ó dá iná tí a ń pè ní wẹ́tìẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ológun pa Balewa àti Akíntọ́lá.

5. Ohun tí ó kan Yewa níbẹ̀

Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá nígbà náà. Ní 1995 ni orúkọ Yewa rọ́pò rẹ̀. Ọmọ wa J. A. O. Odebiyi ti ṣe mínísítà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó di aṣáájú àwọn aṣòfin àgbà ẹgbẹ́ UPN láti 1979 di 1983. Fún ìlú ńlá, bí Ilé Aṣòfin bá tì, ìwé ìròyìn wà, àwọn ọlọ́lá wà tí yóò sọ̀rọ̀. Fún ará ẹnubodè, àga kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé ní Ìbàdàn ni ohùn rẹ̀. Oṣù méje ni ohùn náà fi dákẹ́, kì í sì í ṣe Ẹ̀gbádò ni ó ju àga.

Ẹ tún wo òdìkejì. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín ilẹ̀ yìí ní 1889, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù keje 1968, àwọn ológun Dàhòmì fi dókítà kan, Émile Derlin Zinsou, jẹ Ààrẹ. Ní oṣù kejìlá 1969, àwọn ológun náà ni ó lé e kúrò. Ẹni tí kì í bá ṣe aráàlú ni ó fi í jẹ, aráàlú kò ní lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì tún yí kàn wá. Ní oṣù kẹwàá 2006, nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìyọnípò gómìnà ní Èkìtì, tí í ṣe apá kan Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, Ọ̀gágun Adétúnjí Olúrìn, ọmọ Ìlaró, ni wọ́n rán lọ ṣe alákòóso. Inú wa dùn pé ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a ní ẹ̀tọ́ láti bi ọmọ Ẹ̀gbá ní 1962, àwọn ará Èkìtì ní ẹ̀tọ́ láti bi ọmọ tiwa. Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, fún oṣù mẹ́fà.

6. Ìgúnlẹ̀

Májẹ́kódùnmí padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá ilé ìwòsàn St. Nicholas sílẹ̀ ní Èkó ní 1968, ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2012 ni ó jáde láyé, lẹ́ni ọdún 95. Mo gbà pé dókítà rere ni, mo sì gbà pé kò fẹ́ ibi fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣùgbọ́n oníṣègùn gidi a máa bi aláìsàn pé: níbo ni ó ti ń dùn ọ́? Ìbéèrè yìí ni ó ti ń bi àwọn aboyún ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ìbàdàn, ipò tí wọ́n fi í sí kò gbà á láyè láti bi ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìdìbò ni a fi ń béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá tún gbọ́ pé ìpínlẹ̀ kan ń ṣàìsàn, mo bẹ̀ yín, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí a sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò bi aláìsàn fúnra rẹ̀.