Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní Ilẹ̀ Yorùbá àti Bí Ẹbí Ṣe Ń Rówó Rẹ̀

Ìtọ́jú àgbàlagbà ni àpapọ̀ ètò ibùgbé, oúnjẹ, ìwòsàn àti ìrànlọ́wọ́ ojoojúmọ́ fún ẹni tí ọjọ́ orí tàbí àìlera kò jẹ́ kí ó lè dá ara rẹ̀ tọ́jú mọ́. Inú agboolé ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé ní ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé, nítorí àṣà gbà pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ti tú ká sí Èkó, Àbújá, London àti Houston, tí àwọn tí ó kù nílé sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, ohun tí ọwọ́ púpọ̀ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹbí ń fi owó rà.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí àgbàlagbà wà nínú ilé ara rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ọmọ, kí a sì gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni náà lè jẹ́ ìbátan láti abúlé tí ó ń se oúnjẹ, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó sì ń wẹ̀ fún arúgbó. Ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú tí ó kọ́ṣẹ́, tí owó rẹ̀ ga ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì máa ń hàn gbangba ní ọjọ́ tí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní nǹkan bíi wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí egbò má baà yọ sí i ní ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, a sì gbọ́dọ̀ máa fún un lómi mu bí kò tilẹ̀ béèrè. Ènìyàn kan ṣoṣo kò lè ṣe èyí kí ó sì tún sùn, nítorí náà ẹbí tí ó bá ṣírò owó ẹnì kan fún iṣẹ́ yìí, ìdajì ni ó ṣírò.

Ilé arúgbó, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń gbé pọ̀ lábẹ́ àbójútó àwọn olùtọ́jú, kò pọ̀. Àwọn kan, bíi Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà ní Mushin ní Èkó, ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà láti inú ọrẹ àánú; àwọn aládàáni ń gba owó oṣooṣù, ó sì yẹ kí ẹbí béèrè bóyá oògùn, ìlédìí àgbàlagbà àti owó dókítà wà nínú iye náà, nítorí ibẹ̀ ni gbèsè àìròtẹ́lẹ̀ ti máa ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe gbígbé òbí lọ síbẹ̀ ní ìkọ̀sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òbí tí ó dá wà nínú yàrá tí a tì pa títí ilẹ̀ fi ṣú ni ìkọ̀sílẹ̀ bá jù. Ibùdó ìtọ́jú arúgbó tí a ṣí ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, ní 2012 kì í ṣe ilé arúgbó. Ilé ìwòsàn ni, tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń yẹ oríṣiríṣi àìsàn ọjọ́ ogbó wò pọ̀ lójú kan.

Ní ti owó, owó ìfẹ̀yìntì ni orísun tí ó dájú jù fún ẹni tí ó bá ní in. Lábẹ́ ètò tí òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004 dá sílẹ̀, tí ti 2014 sì tún ṣe, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 kún un. Nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì, ó lè gba apá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé iṣẹ́ tí ó ń bójú tó owó náà sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún un, tàbí kí ó fi ìyókù ra àdéhùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa sanwó fún un títí tí yóò fi kú. Àdéhùn yìí dára fún ẹni tí ìran rẹ̀ máa ń pẹ́ láyé, àfi pé ọ̀wọ́ngógó ọjà máa ń jẹ agbára owó náà bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àwọn oníṣòwò, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n pọ̀ ju olówó-oṣù lọ, kò sí nínú ètò yìí. Nítorí wọn ni ìjọba ṣe gbé ètò ìfẹ̀yìntì kékeré (micro pension) kalẹ̀ ní 2019, tí a ṣètò nígbà náà pé kí ènìyàn máa dá iye tí agbára rẹ̀ ká, kí ìdá 40 nínú 100 wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ bí àìní bá dé, kí ìdá 60 sì wà fún ọjọ́ ogbó. Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn arúgbó ní 2011, Ọ̀ṣun náà sì ti ní ètò Àgbà Ọ̀ṣun rí, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀ bí ìjọba bá yí padà. Ètò adójútòfò ìlera, tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan, wà fún owó ilé ìwòsàn, kì í ṣe fún owó olùtọ́jú inú ilé.

Apá tí ó tóbi jù nínú owó ìtọ́jú wà lọ́rùn àwọn ọmọ. Ètò tí ó máa ń pẹ́ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà àjọ: iye pàtó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, ẹnì kan tí ń gba owó, àti ìwé ìṣirò tí gbogbo wọn lè wò. Ọmọ tí ó ń gbé pẹ̀lú òbí ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá tirẹ̀, ó sì yẹ kí a kà á fún un. Kò rọrùn fún àwọn tí ó wà ní Britain láti mú òbí lọ sọ́dọ̀ ara wọn, nítorí láti 2012 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí wọ́n fi hàn pé òbí náà kò lè rí ìtọ́jú tí ó nílò ní ìlú rẹ̀, yálà nítorí pé kò sí tàbí pé owó rẹ̀ kò ṣeé san. Bí òbí bá kọ́ ilé, owó tí ayálégbé ń san lè gbọ́ bùkátà olùtọ́jú; ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí yóò jẹ́ kí ọmọ máa gba owó náà lórúkọ òbí gbọ́dọ̀ ti wà kí àìsàn ìgbàgbé tó gba òye rẹ̀, nítorí òfin kò ka ìfọwọ́sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí mọ́ sí nǹkan kan.