Àwọn ohun tó ń fa ìwà ipá láàrín àwọn ọ̀dọ́langba

Ìwà ipá àwọn ọ̀dọ́langba ni ìjà, ìkọlù pẹ̀lú ohun ìjà, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìpànìyàn tí àwọn tó ń bàlágà ń hù sí ara wọn tàbí sí ẹlòmíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 193,000 ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 sí 29 ni wọ́n ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kò sí okùnfà kan ṣoṣo. Ìwádìí tí Donald West bẹ̀rẹ̀ ní 1961 lórí ọmọkùnrin 411 ní gúúsù London, tí David Farrington wá tẹ̀síwájú, tọ́ka sí òṣì, òbí tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi rí, ìbániwí tó le koko àti àìbójútó. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ lórí ọmọ kan ni ewu ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ kì í di oníwà ipá.

Ní Nàìjíríà

Ìwádìí ìjọba ní 2014 fi hàn pé bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti fara gba ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ọmọ tí wọ́n ń fi lílù tọ́ lè gbà pé lílù ni a fi ń parí aáwọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, jẹ́ oríta lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin. Ọmọ tó bá ti Ajue tàbí abúlé mìíràn wá kiri ọjà tàbí kọ́ṣẹ́ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè lo odidi ọjọ́ láìsí ẹbí kankan tó mọ ibi tó wà, nígbà tí ọtí, igbó àti Tramadol kò jìnnà sí gáréèjì. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ọ̀dọ́ tí ìgboro gbà, ọmọ ìta, kò dárúkọ ìjà rárá. Ibi tí ọmọ náà ń gbé ayé rẹ̀ ló ń sọ.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ààbò, orúkọ àti ẹni tó lè pè ní ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, kí wọ́n tó dé ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àdúgbò. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, yálà akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti wọ ẹgbẹ́ ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bá a.

Lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ni kíkọ́ òbí ní ọ̀nà ìtọ́jú ọmọ láìlo ipá, àti dídín ọtí kù ní àrọ́wọ́tó ọ̀dọ́.