Ọwọ́ Ẹni Tó Gbẹ́ Kilpeck

Tí wọ́n bá gbé àga tó ṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, kì í kọ́kọ́ wo ibi tó ti ṣẹ́. Yóò dà á dojú bolẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò wá ibi tí igi méjì ti wọnú ara wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ẹni tó kàn án. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í wo iwájú. Ó ní iwájú àga, ohun tí oníbàárà fẹ́ ló wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni káfíńtà ti ń ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ò kọ́ iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́, òun ló sì gbé mi dé Hereford, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ààlà Wales. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò bàbá mi ni mo fi ń wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà káàkiri ibẹ̀.

Kilpeck la kọ́kọ́ lọ, èmi àti ìyàwó mi, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Abúlé kékeré ni, bíi máìlì mẹ́sàn-án sí Hereford. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, kò sì tóbi: yàrá mẹ́ta tó so kọ́ra, ti ìjọ, ti àlùfáà, àti èyí tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìdí igbá níbi tí pẹpẹ wà. Ìta ni ohun tó ń mú èèyàn dúró wà. Lábẹ́ etí òrùlé, yíká gbogbo ilé, orí òkúta tí wọ́n gbẹ́ yọ jáde ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. 85 ló kù lónìí. Ajá kan àti ehoro kan jókòó ti ara wọn bí ọ̀rẹ́ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ń ta ohun èlò olókùn tó jọ gòjé. Ẹranko kan ń gbé èèyàn mì. Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀, àmọ́ tí kì í bá ṣe ti àgbélébùú yẹn, ọmọ ẹṣin ni ǹ bá pè é.

Ìyá Déjì, ìyàwó mi, ló rí ère obìnrin kan láàárín wọn. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ rogodo, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ara rẹ̀ ya sílẹ̀ kí gbogbo ẹni tó ń lọ máa wò ó.

"Bàbá Déjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ojú yín kalẹ̀. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyí?"

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni. Sheela-na-gig ni wọ́n ń pe irú ère bẹ́ẹ̀, ó sì pọ̀ ní Ireland àti ní Britain. Àwọn kan ní ìkìlọ̀ lòdì sí àgbèrè ni, àwọn kan ní tìtorí ọmọ bíbí ni, àwọn mìíràn ní ó wà níbẹ̀ láti lé ibi sẹ́yìn. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ìyàwó mi ní kò sóhun tó ṣòro níbẹ̀: tí ọba bá ni ìlú lára, tí àwọn ìyá àgbà bá tú aṣọ jáde sójú títì, ta ni kì í sá? Èyí tó ní ó ń lé ibi ni èmi náà fara mọ́, kì í sì í ṣe torí pé ìyàwó mi ni.

Àwọn Norman tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066 ló wà nídìí ilé yìí. Nínú ìwé tí Ọba William fi ṣírò ilẹ̀ àti dúkìá lọ́dún 1086, ọwọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ William fitz Norman ni Kilpeck wà. Òkìtì tí ilé olódi wọn dúró lé ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àgùntàn ló ń jẹko lẹ́bàá rẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ. Ọmọ fitz Norman yìí, Hugh, fi ṣọ́ọ̀ṣì náà ta àwọn mọ́ńkì Gloucester lọ́rẹ lọ́dún 1134, nǹkan bí ọdún 1140 sì ni wọ́n gbẹ́ òkúta tí a ń wò lónìí. Àwọn tó ń roko nítòsí ibẹ̀ kì í ṣe Norman rárá. Ọmọ Wales ni wọ́n, Archenfield ni wọ́n ń pe àgbègbè wọn, ìwé ọdún 1086 yẹn kan náà sì kọ àṣà tiwọn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Olówó ń sọ èdè Faransé, mọ́ńkì ń ka Látìn, àgbẹ̀ ń sọ èdè Wales. Láàárín wọn ni agbẹ́kùúta kan dúró, irin lọ́wọ́.

Romanesque ni àwọn onímọ̀ ń pe irú iṣẹ́ yìí, torí pé ó lo ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ti ń ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn ń pè é ní Norman. Orúkọ méjèèjì kò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà gúúsù Kilpeck. Lókè ilẹ̀kùn, igi àjàrà kan so èso wọ̀ǹtì-wọ̀ǹtì. Lára àwọn òpó, ejò ń gbé ìrù ara wọn mì, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ní apá òsì, jagunjagun méjì wà, ọ̀kan lórí èkejì, ìtàkùn wé mọ́ wọn. Ṣòkòtò ni wọ́n wọ̀! Ṣòkòtò tó ṣò, pẹ̀lú fìlà ṣóńṣó, bí ẹni tó ń lọ sóde. Mo sún mọ́ wọn. Ìlà ló kún ara aṣọ náà, ìlà tẹ̀ lé ìlà bí poro oko, ó jìn, ó ṣe déédéé. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò wo bí aṣọ ṣe ń rọ̀. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ pé aṣọ nìyí, kò sì yà kúrò níbẹ̀. Mo ní fún ara mi pé tí mo bá tún rí ìlà yìí níbòmíràn, màá dá a mọ̀.

Mo tún rí i. Ní Eardisley, ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn Hereford, ọpọ́n ìrìbọmi olókùúta kan wà tí jagunjagun méjì ń bá ara wọn jà lára rẹ̀, ọ̀kan mú idà, èkejì mú ọ̀kọ̀. Ṣòkòtò oníporo yẹn náà ló wà nídìí wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Jésù di ọwọ́ ọkùnrin kan mú, ó ń fà á yọ nínú ìtàkùn tó lọ́ mọ́ra. Ní Brinsop, George Mímọ́ gun ẹṣin lọ pa dírágónì, poro náà wà lára aṣọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i ṣáájú mi, dájúdájú. George Zarnecki, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó di ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ ère Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wà lára àwọn tó to iṣẹ́ wọ̀nyí jọ, tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ Herefordshire. Èmi ì bá pè é ní ṣọ́ọ̀bù: ọ̀gá kan tàbí méjì, àti àwọn ọmọ iṣẹ́.

Shobdon, tí ṣọ́ọ̀bù náà tún ti ṣiṣẹ́, ni ìtàn wọn ti dunni jù. Oliver de Merlimond, ìríjú ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Hugh de Mortimer, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ ní àkókò kan náà. Kí iṣẹ́ tó parí, ó rìnrìn àjò ìsìn lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì, ó sì gba Paris padà, níbi tí àwọn àlùfáà St Victor ti gbà á lálejò. Àwọn kan gbà pé agbẹ́kùúta kan bá a lọ, torí pé nínú Kilpeck, níbi tí a ti ń wọ yàrá àlùfáà, àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ló dúró lórí ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bó ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà kan ní Santiago. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lọ́nà kì í yí ọwọ́ padà. Poro ló wà lára aṣọ àwọn ẹni mímọ́ náà.

Ní nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn Bateman tó ni Shobdon fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Láàárín ọdún 1749 sí 1756, wọ́n wó ti Oliver, wọ́n kọ́ òmíràn tí inú rẹ̀ funfun tí ó sì dà bí àkàrà ìgbéyàwó. Wọn ò sọ àwọn ọnà àtijọ́ nù. Wọ́n fẹ́ràn wọn, ìyẹn gan-an ló kó bá wọn. Wọ́n kó àwọn ẹnu ọ̀nà náà gun orí òkè, wọ́n tò wọ́n síta gbangba kí ojú máa rí nǹkan wò láti ọ̀ọ́kán. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń jẹ wọ́n. Lónìí, èèyàn á fẹ́jú títí kó tó mọ orí yàtọ̀ sí ìtàkùn. Ọpẹ́lọpẹ́ George Robert Lewis tó yà wọ́n sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1852. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ló ti ṣe ti Kilpeck. Kilpeck tí ẹnikẹ́ni ò gbé kúrò níbi tó wà, ojú ìlà rẹ̀ ṣì mú bí ìgbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Orúkọ Oliver wà nínú ìwé, ti Hugh tó ni Kilpeck wà, ti mọ́ńkì wà. Ti agbẹ́kùúta kò sí. Mo rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé wá sí àfihàn Wembley lọ́dún 1924, tí British Museum sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ọdún 1938 ló kú, ṣùgbọ́n lọ́dún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún ẹni tó wá béèrè. Ta ló ki ti Kilpeck?

Ìgbẹ̀yìn ni mo lọ sí Castle Frome. Ọpọ́n ìrìbọmi ibẹ̀ tóbi tó agbada aláró. Jésù dúró nínú odò tó rí roboto, ẹja yí i ká, Jòhánù na ọwọ́ sí i, àdàbà sì wà lókè. Mo wo gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ kóòtù, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn, orúnkún mi ń dún, ìyàwó mi sì ń bẹ̀ mí pé kí n dìde kí àwọn onílé tó wọlé bá wa. Ère mẹ́ta ló tẹ̀ ba lábẹ́ ọpọ́n náà, wọ́n ti ṣẹ́, wọ́n ti yìnrìn. Ọ̀kan ṣì jọ èèyàn. Gbogbo ìwúwo òkúta náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo na ọwọ́ sínú òkùnkùn, mo sì fi àtàǹpàkò wá ojú ìlà.