Àwọn tó ń lu ìlù nígbà tí òṣèré ń pààrọ̀ aṣọ

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, lọ́dún 1944 ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òsosà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall l'Ékòó. Nínú eré ẹ̀, orin àti ijó ló ń ṣáájú, wọ́n ń pè é ní opening glee. Kò kan ìtàn náà rárá, àmọ́ ẹlòmíì ò ní fẹ́ kó fo òun.

Ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tiẹ̀ yàtọ̀: olórin highlife ni tẹ́lẹ̀, Sunny Adé gan-an ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìgbà tó yá, àwàdà borí orin.

A mọ àwọn ọ̀gá. Àwọn onílù wọn ńkọ́? Wọ́n ti ń tán lọ. Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá lùlù fún ẹgbẹ́ òṣèré kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àti fọ́tò wọn ránṣẹ́.