Ọkàn Tuntun: Ọ̀nà Tí Ọ̀rọ̀ Kan Rìn Láti Bábílónì Dé Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa tú wò bí ẹni ń tú ẹrù: ìrònúpìwàdà. Ẹni tó bá ronúpìwàdà ti ro inú rẹ̀, ó sì ti pa ìwà rẹ̀ dà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró sí ipò yìí nínú Májẹ̀mú Tuntun ni metanoia, ìyípadà èrò ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Èdè tiwa ló so ìwà mọ́ ọn, tí ènìyàn kò fi lè pe ọ̀rọ̀ náà tán láì dárúkọ ìwà. Mo rò pé ibi tí ìjà wà láti ọjọ́ pípẹ́ gan-an ni èdè wa fi ọwọ́ bà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ọdún tí àwọn Júù, àti lẹ́yìn wọn àwọn Kristẹni, ti ń béèrè nípa ọkàn tuntun: ta ló ń fúnni, ọjọ́ wo ló ń dé, kí la ó sì fi mọ̀ pé ó ti dé?

Ilẹ̀ àjèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti ta gbòǹgbò. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Bábílónì kó Jèhóíákínì ọba Júdà nígbèkùn pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Èsékíẹ́lì wà nínú wọn. Etí odò Kébárì ni wọ́n tẹ̀ wọ́n dó sí, ibẹ̀ náà ló sì wà ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà tí ìròyìn fi dé pé Jerúsálẹ́mù ti ṣubú, wọ́n sì ti dáná sun tẹ́ńpìlì. Àlùfáà tí kò ní tẹ́ńpìlì mọ́, kí ni yóò máa ṣe? Lẹ́yìn òfò yìí ló kéde pé Ọlọ́run yóò yọ ọkàn òkúta kúrò nínú àwọn ènìyàn náà, yóò sì fi ọkàn ẹran, ọkàn tó rọ̀, rọ́pò rẹ̀. Lédè Hébérù, kì í ṣe ibi tí ìfẹ́ tàbí ìbànújẹ́ ń gbé nìkan ni ọkàn. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń ronú, ibẹ̀ ló ti ń pinnu. Ó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní inú nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan jẹ́ onínúure.

Ohun kan wà nínú ìwé Èsékíẹ́lì tí ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò kọjá. Ní orí 36, Ọlọ́run ni yóò fúnni ní ọkàn tuntun. Ní orí 18, ó pàṣẹ fún àwọn ènìyàn náà pé kí àwọn fúnra wọn wá ọkàn tuntun fún ara wọn. Wòlíì kan náà, ìwé kan náà. Kò tún un ṣe, kò sì gbà pé ọ̀kan tako èkejì. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí ìjọ Kristi ṣe lẹ́yìn náà, àárín orí méjèèjì yìí ni wọ́n ti ṣe é.

Nínú ìwé Jòhánù, Nikodémù wá bá Jésù lóru. Ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún un nípa bí a ṣe gbọ́dọ̀ bí ènìyàn ní ojú méjì lédè Gíríìkì: anōthen lè jẹ́ "lẹ́ẹ̀kejì", ó sì lè jẹ́ "láti òkè wá". Nikodémù mú èkíní, ó sì béèrè bóyá àgbàlagbà lè padà sínú ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì Yorùbá dé ibí yìí, àwọn náà mú èkíní, ibẹ̀ la sì ti rí àtúnbí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ Bàbátúndé àti Yétúndé ló dé. Lójú tirẹ̀, òkú àgbà ni a máa ń tún bí, kì í ṣe alààyè. Nítorí náà, ìbéèrè Nikodémù kò lè ṣàjèjì létí Yorùbá.

Ìjọ àkọ́kọ́ kò kánjú láti gbà pé ọkàn tuntun ti dé. Nínú ìwé ìlànà kan láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àṣà Àwọn Àpọ́sítélì, ọdún mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi gbọ́dọ̀ fi gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá ní ìtara, ìwà rẹ̀ ni wọn yóò wò, wọn kò ní ka ọdún. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mú un wá: ṣé ó bọ̀wọ̀ fún àwọn opó? Ṣé ó bẹ àwọn aláìsàn wò? Wọ́n á wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń gbẹ́ òrìṣà tàbí ẹni tó ń jà títí dójú ikú ní gbàgede ìran gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹni tó ń ṣe ìrìbọmi máa ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn láti kọ Sátánì, kó tó yí sí ìlà-oòrùn láti jẹ́wọ́ Kristi. Lẹ́yìn ìrìbọmi, yóò wọ aṣọ funfun.

Ọmọ Áfíríkà ló kọ ìtàn ìyípadà ọkàn tó lókìkí jù lọ láyé àtijọ́. Wọ́n bí Augustine ní ọdún 354 ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Monica ìyá rẹ̀ fi omijé gbàdúrà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 386, nínú ọgbà kan ní Milan, ó gbọ́ ohùn bí ti ọmọdé tó ń sọ pé kó mú ìwé kó kà. Ó ṣí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, ohun tó kà níbẹ̀ sì parí iyèméjì rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ṣe ìrìbọmi fún un ní Àjíǹde ọdún 387. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Àmọ́ Augustine fúnra rẹ̀ kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Ní ìwé kẹwàá nínú Confessions, tó kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíṣọ́ọ̀bù ni nígbà yẹn, síbẹ̀ ó ka àwọn ìdẹwò tó ṣì ń bá a jà: oúnjẹ, àlá, ìyìn ènìyàn. Aláìsàn lọ́wọ́ oníṣègùn ló pe ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi kojú Pelagius, ẹni tó ń kọ́ni pé ènìyàn lè yan rere fúnra rẹ̀ kí ó sì rìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 418, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Orí 36 ni Augustine dì mú, orí 18 ni Pelagius.

Kí n fò lọ sí Jámánì. Ní ọdún 1687, ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé kan, August Hermann Francke, ní ìwàásù tó fẹ́ ṣe ní Lüneburg. Bó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀, ó rí i pé òun kò ní ìgbàgbọ́ tí òun fẹ́ wàásù nípa rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì ní kí òun tó dìde, iyèméjì òun ti lọ. Àwọn Pietist, ẹgbẹ́ ìsọjí ilẹ̀ Jámánì tí Francke wà lára wọn, tẹ̀ lé irú ìtàn yìí: ọjọ́ kan pàtó, wákàtí kan pàtó. Bí ẹnì kan bá dìde nínú ìjọ lónìí tó sì dárúkọ ọjọ́ tó fi ayé rẹ̀ fún Jésù, ìtàn bíi ti Francke ló ń sọ, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀dọ̀ àwọn Moravian, tí ìfẹ́ ẹ̀sìn Jámánì yìí ti tọ́, ni iná náà gbà dé ọ̀dọ̀ John Wesley. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì ni Wesley tẹ́lẹ̀. Nínú ìjì lójú òkun, nígbà tó ń lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1736, ẹ̀rù ikú bà á, àwọn Moravian sì ń kọrin sáàmù pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè náà lọ́kàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù May, ọdún 1738, nínú ìpàdé kan ní Aldersgate Street ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú Luther sí ìwé Róòmù, ó sì rí i pé ọkàn òun ń móoru lọ́nà tí òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìtàn John Newton ló kàn wá jù, n kò sì gbádùn bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní ìjì kan lójú òkun ní oṣù March ọdún 1748 ló sọ oníṣòwò ẹrú di ẹni mímọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìjì náà, Newton padà sẹ́nu òwò ẹrú, ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì ń darí ìsìn fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lábẹ́ wọn. Àìsàn ló jẹ́ kó fi òkun sílẹ̀ ní ọdún 1754, ẹ̀rí ọkàn kọ́. Ọdún 1788 ló tó tẹ ìwé jáde tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu òwò náà, tó sì fi ìtìjú jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ogójì ọdún! Àwọn tó wà nínú ihò ọkọ̀ kò ní ogójì ọdún láti dúró dè é. Síbẹ̀, nígbà tí William Wilberforce, ọmọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, wá bá a fún ìmọ̀ràn ní ọdún 1785, Newton ló ní kó má fi iṣẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí Newton wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Eclectic Society, ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ti jáde wá ní ọdún 1799. Ní ọdún 1807, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ etíkun wa.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, Myrmidon, ló gba ọkọ̀ ẹrú kan sílẹ̀ ní oṣù April ọdún 1822, kété lẹ́yìn tó kúrò ní Èkó. Ọmọdékùnrin kan láti Òṣogùn wà níbẹ̀, Àjàyí, tí wọ́n ti kó ní ọdún 1821 tí wọ́n sì ti tà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn aláṣẹ CMS ní ọdún 1837, ó sọ pé ní nǹkan bí ọdún kẹta òmìnira òun lọ́wọ́ ènìyàn, òun rí i pé òun ṣì wà lóko ẹrú kan tó burú jù ú lọ, oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù December ọdún 1825 ló ṣe ìrìbọmi, ó sì di Samuel Crowther. Ẹnu ẹni tó ti rù ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, nítorí náà ó wúwo létí mi ju ti Wesley lọ.

Crowther náà ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí ìwé Róòmù fi jáde ní ọdún 1850 tí gbogbo rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884. Nínú Bíbélì àtijọ́ yẹn, àyà tuntun ni Dáfídì ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Sáàmù 51, ọkàn tuntun sì ni Èsékíẹ́lì ń ṣèlérí. Wọn kò lo orí. Ẹni tó dàgbà nínú èrò pé orí tí ènìyàn yàn lọ́run ló ń darí rẹ̀ yóò mọ bí ìyẹn ti tóbi tó. Ohun tí àkúnlẹ̀yàn ti pa mọ́ ni ìwàásù tuntun yìí ń sọ pé ó lè yí padà, lọ́sàn-án gangan, láàárín ayé ẹni.

Ní oṣù July ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, àwọn ènìyàn rọ́ lọ sọ́dọ̀ oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú títì tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó oògùn àti ohun ìbọ wọn wá fún sísun. Láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìsọjí gba àwọn ọgbà yunifásítì, bọ́ọ̀n-ágéènì, ìyẹn àtúnbí lédè Gẹ̀ẹ́sì, di orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn.

Ìjọ mìíràn wà lónìí tí ẹni tó jáde síwájú láàárọ̀ yóò ti wọ omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù August ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Crowther rí Afàlà ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Arúgbó náà wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́, ó ń wò ó bó ti ń ṣe nílé. Oṣù February ọdún 1848 ló tó ṣe ìrìbọmi, lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Hannah ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.