Èṣù Inú Ìwé àti Èṣù Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn



Ní Woolwich àti Thamesmead tí à ń gbé yìí, ó ṣòro kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú láìgbọ́ orúkọ Èṣù lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Bọ́ọ̀sì pẹ́, iṣẹ́ Èṣù ni. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, Èṣù ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí owó bọ́ lápò rẹ̀ ní ọjà Beresford Square yóò ní Èṣù kò ní rí òun gbé ṣe. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ìjọ nìkan. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà sọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti wá. Àjàyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì gba oyè ìwàásù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1843. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odidi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, òun nìkan kọ́ ló sì ṣe é. A kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo iṣẹ́ náà. Àwa tí a dá kọ́ Yorùbá fúnra wa ní ìlú òyìnbó, Bíbélì yẹn wà lára ìwé tí ó kọ́ wa ní kíkà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń túmọ̀ ní láti ṣẹ̀ṣà. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún àwọn olórí ìsìn, wọn kò mú àwòrò, wọn kò mú babaláwo. Wọ́n yá “àlùfáà” lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. “Wòlíì” náà, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Nígbà tí ó wá kan ẹni tí ó dán Jésù wò ní aginjù, nínú Mátíù orí 4, wọn kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Ìbìlísì nílẹ̀. Ojúbọ tiwa ni wọ́n nawọ́ sí, wọ́n mú Èṣù.

Ẹ wá ṣí Bíbélì kan náà sí ìwé Jóòbù orí 1. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó bá àwọn ọmọ Ọlọ́run wá síwájú Olúwa, tí ó ti rin ayé já, tí ó wá jíṣẹ́ ibi tí ó dé. Kò lè fọwọ́ kan ohun tí í ṣe ti Jóòbù láìgba àṣẹ. Oníṣẹ̀ṣe tí ó bá ka ibẹ̀ yóò rántí ẹnì kan: oníṣẹ́ Olódùmarè, ẹni tí ń yẹ inú ènìyàn wò, tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi “Sàtánì” sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti fi díẹ̀ jọ Èṣù, wọn kò lò ó. Ibi tí kò ti jọ ọ́ rárá ni wọ́n lò ó.

Kì í ṣe pé Èṣù jẹ́ oyin o. Ẹni tí ó bá kọ ẹbọ sílẹ̀ mọ ohun tí ojú òun rí. Àmọ́ kò bá Olódùmarè jagun rí, kò sì ní ìjọba tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ náà rí èyí. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tí ó padà di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè, ní 1962, pé Èṣù kì í ṣe èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun, àti pé ti inú Jóòbù ló sún mọ́ ọn.

Àdúgbò wa náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1963, John Robinson, Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich, tẹ ìwé kékeré kan jáde, Honest to God. Ẹ̀yìn ríro ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ó ní Ọlọ́run tí àwọn ènìyàn rò pé ó jókòó sókè lọ́hùn-ún, àwòrán lásán ni, ó yẹ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí a wá Ọlọ́run ní ìpìlẹ̀ wíwà wa gan-an. Ìwé ìròyìn Observer gbé ọ̀rọ̀ náà, ariwo ta, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury bá a wí, ìwé náà sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọn kò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 1969. A gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé ìwé yẹn fi hàn pé òyìnbó ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ òrìṣà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Jésù ni Robinson dúró tì. Ohun tí ó jẹ́ tiwa níbẹ̀ ni pé bíṣọ́ọ̀bù béèrè ìbéèrè ńlá, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì wó.

Ó ṣì wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Thamesmead lórí ilẹ̀ àbàtà ní 1967. Lónìí, láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, ìjọ àwọn ènìyàn wa kún gbọ̀ngàn ilé ìwé àti ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀. Ní 2017, ọmọ Nàìjíríà kan, Karowei Dorgu, di Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich. Ẹ̀sìn tí Crowther gbé lọ sílé ti padà dé etí odò Thames, ó sì gbé Èṣù inú Mátíù dání.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Thamesmead gba Èṣù, ó gbé yangí rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ìyá ìjọ, wá kí i, ó rí i. “Ṣé Èṣù lo gbé wọlé, ọmọ mi?” Oṣù mẹ́rin ni kò fi tẹ ilé náà mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ kò rí ìyá àgbà. A ní kí ó má ṣe bá ìyá rẹ̀ jiyàn, kí ó má sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí Jésù. Kí ó lọ bá a nílé, kí ó mú Bíbélì tirẹ̀ gan-an. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ibí yìí, kí ẹ tún ka ibí yìí.” Ìyá ka Mátíù, ó ka Jóòbù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun yóò bi pásítọ̀. Títí di ìsinsìnyí kò tíì sọ ohun tí pásítọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó ti ń wá sílé náà. Nígbà tí ó wá kẹ́yìn, ó wo òkúta náà títí, ó ní epo tí ó wà lórí rẹ̀ kò pọ́n tó, pé òun mọ ẹni tí ń ta ojúlówó ní Plumstead.