Ohun Tí A Kò Rà Mọ́ Nígbà SAP, àti Ẹni Tó San Owó Rẹ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ tuntun ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi mí lórí fóònù: "Prof, báwo lẹ ṣe ṣe é nígbà SAP? Kí lẹ ò rà mọ́?" Ẹni tó bi mí kẹ́yìn jẹ́ olùkọ́ ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Ó ní òun àti ìyàwó òun ti jókòó, àwọn ti kọ nǹkan mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí àwọn ò ní rà mọ́, kí n jọ̀ọ́ kí n wò ó, kí n fi tèmi kún un.

Èmi náà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 1987 ni, nínú yàrá méjì tí a háyà ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń fi ìwé náà yangàn. Apá kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún yín nígbà yẹn. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ìtàn tí a bá sọ ìdajì ẹ̀ a máa ṣi èèyàn lọ́nà.

Kí a tó mọ ohun tí ilé kan lè fi sílẹ̀, ó yẹ ká mọ bó ṣe wọlé. Ìyá mi, tí wọ́n bí sí Òkè-Ọ̀kà, dàgbà sínú ilé tí ohun tí wọ́n ń fowó rà fún ìlò ilé kò ju iyọ̀, ìṣáná àti kẹrosíìnì díẹ̀ lọ. Ọṣẹ, sísè ni wọ́n ń sè é. Aṣọ, àwọn obìnrin Àkókó ń hun kíjìpá lórí òfì ìnàró, òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran. Nígbà ogun Hitler, tí ọkọ̀ ojú omi kò lè rìn bó ṣe yẹ, iyọ̀ di ọ̀wọ́n jákèjádò ilẹ̀ yìí. Ní Èkó, ìjọba òyìnbó ní kí Captain Pullen máa dá iye owó lé oúnjẹ, àwọn obìnrin ọlọ́jà tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn sì kọ̀ jálẹ̀. Ìyá mi kò gbọ́ orúkọ Pullen rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọ́n jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọjà ṣọ́ọ̀bù wọlé gan-an, nígbà tí owó epo rọ̀bì sì dé, ó di ìṣàn omi. Ẹ rántí owó Udoji tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ní Ìkàrẹ́, olùkọ́ tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ra rédíò, ó ra sítóòfù, ó ra mílíìkì inú agolo. Lọ́dún 1973 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ WAMCO tó ń ṣe mílíìkì Peak sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Búrẹ́dì di oúnjẹ àárọ̀ nínú ilé tí iṣu sísè ti jọba tẹ́lẹ̀. Omo di orúkọ gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tí ìyá mi kà sí nǹkan ọlọ́lá di ohun tí ọmọ mi kò mọ̀ pé èèyàn lè wà láìní in.

Ìgbà tó yá, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lágbàáyé. Lọ́dún 1982, ìjọba Shagari ṣe òfin láti dín ohun tí a ń kó wọlé kù. Lọ́dún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Buhari, a tò fún "essenco": ẹ tò fún mílíìkì, ẹ tò fún ṣúgà, ẹ tò fún Omo, kí sójà sì dúró tì yín pẹ̀lú kòbókò. Ọdún 1986 ni Babangida gbé ètò SAP dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n ṣí ọjà tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó òkèèrè. Dọ́là tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ fò kọjá náírà mẹ́rin kí ọdún tó yí. Ní January 1987, wọ́n fòfin de wíìtì tí ń ti òkèèrè wọlé, búrẹ́dì sì wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló sunkún o. Ọdún 1986 kan náà ni wọ́n tú àjọ tó ń ra kòkó ká, tí owó kòkó sì gòkè fíìfíì. Àgbẹ̀ olókòó kòkó ní Àkókó rówó ná ju bó ṣe rí i fún ọdún pípẹ́. Àwa olówó oṣù ni SAP ká mọ́lé, nítorí owó oṣù dúró sójú kan, ọjà sì ń sáré. Mo rí i lójú ara mi pé àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ń ra páànù kọ́lé, olùkọ́ ọmọ ẹ̀ sì ń yá náírà márùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí mo ṣe mú bírò nìyẹn. Nǹkan méje ni mo kọ tí a kò gbọ́dọ̀ rà mọ́: mílíìkì inú agolo, ṣúgà oníhóró, búrẹ́dì, Omo, sadíìnì, tíṣù, àti kẹrosíìnì fún oúnjẹ sísè, àfi ti àtùpà nìkan. Mo kọ ohun tí a ó fi rọ́pò síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Dípò búrẹ́dì, ẹ̀kọ tí a fọwọ́ ara wa ṣe àti iṣu tó bá ti Ọ̀kà wá. Dípò Omo, ọṣẹ dúdú. Dípò kẹrosíìnì, igi. Dípò tíṣù, ìwé ìròyìn àná. Mo ṣírò owó tó máa ṣẹ́kù lóṣù, inú mi sì dùn. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí gómìnà bá kéde ètò ìṣúná.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tí mo ń rà lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ní iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ìgò bíà méjì alẹ́ Sátidé kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò tiẹ̀ ronú kàn wọ́n.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi ti Òkè-Ọ̀kà gbé iṣu wá, ó sùn sọ́dọ̀ wa mọ́jú. Aago márùn-ún ìdájí ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi ló bá nídìí ìkòkò eérú. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èèpo kòkó ni wọ́n máa ń sun di eérú, torí pé eérú ẹ̀ lágbára. Wọ́n á rọ eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi tó ń kán sílẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná pẹ̀lú àdín, tí wọ́n á máa rò ó títí tí á fi dì. Omi eérú yẹn a máa jẹ ara. Ìka ìyàwó mi ti bó.

Ìyá mi wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ìyàwó mi, ta ló rán ọ ní èyí?"

Ó dáhùn pé, "Màmá, dádì wọn ló ní ká má ra Omo mọ́."

Ìyá mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ yìí, gbogbo ìwé tó o kà, o ò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ kọ́ ni ọṣẹ? Èmi ti se ọṣẹ rí. Ọjọ́ tí ọṣẹ òyìnbó dé ọjà wa, ijó la jó. O wá ní kí ọmọ ọlọ́mọ padà síbi tí mo ti sá kúrò. Kí ló ń ṣe fún ọ tẹ́lẹ̀ ní aago yìí?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló dà mí láàmú. Kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀? Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi, ó sì ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìdájí àti alẹ́ ló fi ń rán aṣọ àwọn ará àdúgbò. Ó tún ń kàwé láti lọ gba NCE. Láti ìgbà tí mo ti lẹ ìwé mi mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà lábẹ́ aṣọ. Mo mú bírò lẹ́ẹ̀kejì. Rírẹ àgbàdo, gbígbé e lọ sí ẹ̀rọ, sísẹ́ ògì, ríro ẹ̀kọ; sísun eérú àti síse ọṣẹ; dídá igi, fífẹ́ iná, fífọ ìdí ìkòkò tí èéfín ti mú dúdú. Wákàtí mẹ́rìnlá ló jẹ́ lọ́sẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú ẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Aṣọ méjì tí ì bá rán nínú wákàtí yẹn, owó ẹ̀ ju owó Omo, búrẹ́dì àti kẹrosíìnì lọ. Owó tí mo ní mo fi pamọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ti gbà á.

A yọ ìwé náà kúrò. Omo padà sílé, páálí kékeré. Kẹrosíìnì padà. Ìwé ìròyìn, mo ń lọ kà á ní ilé ìkàwé. Bíà di ti ọdún Kérésì. Mílíìkì, ṣúgà oníhóró, sadíìnì àti búrẹ́dì kò padà fún ìgbà pípẹ́, a ò sì kú, nítorí àwọn yẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ kankan bí a bá ń jẹ iṣu sísè. Ṣùgbọ́n ọdún tó yẹ kí ìyàwó mi lọ ka NCE ti bọ́. Ọdún 1991 ló tó lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko, a kò rí i rà padà.

Kì í ṣe ilé mi nìkan ni. Lọ́dún 1987 yẹn gan-an ni UNICEF gbé ìwé Adjustment with a Human Face jáde, tó fi hàn pé àwọn ọmọdé àti aláìní ni ẹrù irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lọ́rùn kárí ayé. Diane Elson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ṣàlàyé pé àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí máa ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe nílé láìgbowó kò ní òpin, pé èèyàn lè máa fà á gùn bí rọ́bà. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Ohun tí ìjọba fi ṣe orílẹ̀-èdè ni mo fi ṣe ilé mi.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ohun tí kò padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé SAP máa dá wa padà sí kíjìpá. Rárá o. Òkìrìkà la kó sọ́rùn, aṣọ àlòkù òyìnbó, torí pé kò sí obìnrin tó lè ran òwú, kó hun aṣọ, kó tún tà á ní iye tí bélì òkìrìkà ń mú wá. Ohun tó bá ń jẹ àkókò púpọ̀ kì í padà, àfi tí a bá rí ẹni tí a kà sí pé àkókò tirẹ̀ kò níye.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìwé ọmọ Ìwàrò yìí. Àkókò le lóòótọ́. Dọ́là tí kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá 1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Àjọ ìṣirò ìjọba sọ pé ní December 2024, ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń fi nǹkan sílẹ̀. Nínú nǹkan mẹ́sàn-án tó kọ, mẹ́rin kò ní iṣẹ́ lẹ́yìn: ohun mímu inú ike, tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù, bísíkíìtì, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń rà nígbà tí kànga mímọ́ wà lágbàlá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má wẹ̀yìn. Márùn-ún tó kù, gáàsì ìdáná ló ṣáájú wọn. Dípò gáàsì, ó kọ èédú.

Mo dá ìwé náà padà fún un. Mo fi ìlà méjì kún un: "Ta ni yóò máa ṣe é?" àti "Wákàtí mélòó?" Mo ní kí òun àti ìyàwó ẹ̀ jọ kọ ọ́, kó má dá a kọ. Mo tún ní kó wo ohun tí kò sí nínú ìwé náà, kó sì bi ara ẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi sí níbẹ̀.

Ìyá àwọn ọmọ mi ka èyí kí n tó gbé e síta. Ó ní òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àfi ìṣirò mi. Ó ní kí n má gbàgbé pé omi tí wọ́n fi ń se ọṣẹ náà, òun ló ń pọn ọ́n.